Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Àlàyé lórí Ológbò Tó Ṣàdédé Sanra

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé ohun tí ojú kọ́kọ́ tó nínú ọ̀ràn kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn náà, àti pé ẹni tó bá yára parí ìṣirò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sé ìlẹ̀kùn mọ́ òtítọ́. Èmi kò rí ibi tí òwe yìí ti jẹ mọ́ nǹkan ju ara ológbò tó ṣàdédé sanra lọ, pàápàá ní agbègbè wa yìí, láti Orégùn dé Ògbà, láti òpópó Ọba Akran títí wọ Agége, níbi tí ilé ìkẹ́rùsí àti ilé tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì ń fi ìyẹ̀fun pe eku tọ̀sán-tòru.

Bí ológbò bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Nítorí náà ni ẹkùn inú ilé, arìn-má-dún, ọ̀tá èkúté, fi di òṣìṣẹ́ láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, tí Guinness sì kọ́ ilé ìpọntí rẹ̀ síbẹ̀ ní 1962, iṣẹ́ kò sùn mọ́ ní àdúgbò yìí, ṣíìfù ń gbà lọ́wọ́ ṣíìfù. Ẹni tó bá wọlé láàárọ̀ a ju orí ẹja sí ológbò, ó ṣebí kò tíì jẹun láti àná. Ẹni ọ̀sán a yọ fún un nínú ṣáwá tí ìyá olóúnjẹ bù fún òun. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnubodè lóru, tí kò ní alábàárò mìíràn, a rẹ búrẹ́dì Agége sínú mílíìkì fún un. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe àṣejù, ṣùgbọ́n inú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ológbò tó wọn kílò 4 kò nílò ju nǹkan bíi 200 sí 250 kálórì lọ lójúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà; kí a tó mọ̀, ikùn ti ń wọ́lẹ̀, ó sì dùn mí pé ìyìn ni a fi ń kí i, nítorí lójú tiwa, ẹni tó sanra ni ayé ń yẹ.

Ti ológbò tí a tẹ̀ lọ́dàá, tàbí abo tí oníṣègùn ẹranko ti yọ ilé ọmọ rẹ̀, tún yàtọ̀: oúnjẹ tí ara rẹ̀ ń lò a dín kù, ebi a sì máa pa á ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n oúnjẹ tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ fi di púpọ̀ jù fún un.

Ẹ̀fà nìyẹn. Ní ti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, abo tí kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ, oyún ni kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí ó lè gba akọ láti bí oṣù mẹ́rin, oyún náà kò sì ju nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, orí ọmú rẹ̀ a pọ́n, a sì yọ síta. Ọmọ ológbò tí ikùn rẹ̀ rí róbótó, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ gọngọ, aràn ló sábà máa ń dà á láàmú. Bí àgbà ológbò bá ń rù bí ikùn rẹ̀ ti ń wú, ọ̀rá kọ́. Omi ló ń kún inú rẹ̀, bóyá láti ọwọ́ àrùn ọkàn, tàbí àrùn tí kòrónà ti àwọn ológbò, tó yàtọ̀ sí èyí tó bá ọmọ ènìyàn jà ní 2020, ń fà. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn àgbà akọ kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà: àìsàn tó yẹ kó mú wọn rù, ṣe ni wọ́n ń tóbi sí i lórí rẹ̀, nítorí pé ẹṣẹ́ kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ń tú omi ìdàgbàsókè sínú ẹ̀jẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ dá ọ̀rá mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn ohun mìíràn wọ̀nyí. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ológbò náà jẹ́ẹ́jẹ́: bí eegun ìhà bá ṣeé kà lábẹ́ awọ, bí ìgbà tí a fi ìka kan ẹ̀yìn ọwọ́ tí a tẹ́, ara rẹ̀ mọ níwọ̀n, bí a bá ní láti tẹ̀ ẹ́ wọlé kí a tó rí eegun, ọ̀rá ni. Awọ tó ń jù fẹ̀rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò burú, bí a ti dá a nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ gbé e mọ́ra gun òṣùwọ̀n, kí ẹ tún gùn ún láìgbé e, kí ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìkìlọ̀ tó jẹ mí lógún jù ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ebi pa ológbò tó sanra. Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀rá ara rẹ̀ a ya lu ẹ̀dọ̀, ẹyinjú rẹ̀ a di pupa rẹ́súrẹ́sú bí ọjọ́ bá ti pẹ́, ikú a sì súnmọ́ tòsí. Kí ó máa fi bíi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, èyí tí í ṣe 60 gíráàmù fún ológbò kílò 6, ti tó. Bí ó bá sì kọ oúnjẹ, tàbí tí ikùn nìkan ń wú, ẹ gbé e tọ oníṣègùn ẹranko lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọ̀ràn bá ta kókó, Yunifásítì Ìbàdàn àti yunifásítì FUNAAB ní Abẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ẹranko. Ẹ mú ìwé ìwọ̀n náà dání, kí ẹ sì ti bi ṣíìfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léèrè ohun tí kálukú ń fún un.