Ohùn Agbo àti Ohùn Wáyà

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú àpótí bàbá mi. "Láìfù pléè, òkú Màmá" ni wọ́n fi báírò kọ sí i lára, kò sí nǹkan mìíràn. Orin fújì ni. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó gbọ́ ariwo èrò, ẹ ó gbọ́ ìlù, ẹ ó gbọ́ olórin tó ń ki àwọn tó ń náwó fún un lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú kan kásẹ́ẹ̀tì fi tán. Màmá ta ni? Ìlú wo? Ọdún wo? Ta ló gbé ẹ̀rọ dání lọ́jọ́ náà? Àkọlé ò sọ. Láti ìgbà tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí àwọn tó ń kó irú ohùn báyìí jọ lè máa lò láàárín ara wọn, kásẹ́ẹ̀tì yìí ni mo fi ń dán ọ̀rọ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá lè kọ sí i lára kí ẹlòmíràn kà á kó yé e, mi ò gbà á wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi "láìfù" bẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu àwọn ará òde àríyá, ọ̀rọ̀ náà ti di tiwa, mi ò sì ní í bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí "orin ààyè" ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú wọn. Tí èyí bá wà láàyè, a jẹ́ pé èyí tó wà nínú àwo ti kú nìyẹn. Ta ló fẹ́ sọ fún àwọn tó ń jó sí àwo Haruna Ishola títí dòní pé òkú orin ni wọ́n ń jó sí? Àwọn oníròyìn ní "ní tààrà", wọ́n ní "bó ṣe ń lọ lọ́wọ́". Ìyẹn dára fún bọ́ọ̀lù, ó dára fún ìbúra gómìnà, ṣùgbọ́n eré tí wọ́n ṣe ní 1977 tí a ń gbọ́ lónìí kò lọ lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá a mu ti pẹ́ lẹ́nu wa. Agbo ni. Èrò á pagbo, olórin á wọ agbo, agbo á gbóná, ilẹ̀ á mọ́, agbo á sì tú ká. Orin tí wọ́n bá kọ níbẹ̀, orin ojú agbo ni.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò fi orin ojú agbo ṣe ọmọ ẹ̀yìn sítúdíò. Gẹ̀ẹ́sì gbà pé sítúdíò lorin ti ń bẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀dà rẹ̀ ni èyí tí wọ́n kọ níwájú èrò. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Inú ajísààrì ni fújì ti jáde, orin tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ káàkiri àdúgbò lóru Ramadan láti jí àwọn aláàwẹ̀ dìde. Ojú agbo ló ti gbó kó tó dénú àwo. Fela tiẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin tó bá ti gbé jáde nínú àwo, kì í kọ ọ́ lójú agbo mọ́. Èyí tí kò tíì ṣe àwo rẹ̀ ni àwọn tó lọ sí Shrine, ilé eré rẹ̀, ń gbọ́. Nígbà tó sì kú ní oṣù Kẹjọ 1997, àwọn orin bíi "Country of Pain" àti "Government of Crooks" wà nílẹ̀ tí kò ṣe àwo wọn. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo nìkan la fi mọ̀ wọ́n. Nítorí náà, tí ọ̀kan bá gbọ́dọ̀ gba àfikún orúkọ ní èdè Yorùbá, kó jẹ́ orin sítúdíò.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kò níṣòro: a gba ohùn sílẹ̀. Àwọn tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì náà ló sọ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ní agbohùnsílẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984, ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún. Àwa tó kù la ó wá ti kásẹ́ẹ̀tì. Ibi tó ti le ni ẹni tó di ẹ̀rọ mú. Agbohùnsílẹ̀ ti di orúkọ ẹ̀rọ. Tí a bá fi pe ènìyàn, a ti sọ ọ́ di irin. Oníkásẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó ń tà á. Mo wá pè é ní agbohùnlágbo.

Agbohùnlágbo ti wà kí kásẹ́ẹ̀tì tó dáyé. Lionel Mapleson, tó ń tọ́jú ìwé orin ní ilé ọ́pẹ́rà Metropolitan ní New York, gbé ẹ̀rọ Edison wọ ilé eré náà láàárín 1901 sí 1903. Ara ìda róbótó tó rí bí agolo ló ń gba ohùn sí, ìṣẹ́jú mélòó kan péré lẹ́ẹ̀kan. Nínú àwọn ìda náà ni ohùn Jean de Reszke, olórin ọ́pẹ́rà, wà, lókèèrè réré, láàárín ariwo tí abẹ́rẹ́ ń pa. Ní 1947 àti 1948 ẹ̀wẹ̀, Dean Benedetti, tí òun fúnra rẹ̀ ń fọn sasofóònù, ń tẹ̀lé Charlie Parker, olórin jáàsì, káàkiri ilé ijó. Ìgbà tí Parker bá ń fọn nìkan ló ń tan ẹ̀rọ. Tó bá ti kan ẹlòmíràn, á pa á. Wọ́n ti rò pé àwọn ohùn náà ti sọnù, kó tó di pé wọ́n gbé wọn jáde ní 1990. Ohun tí Benedetti fi sílẹ̀, àgékù ni mo pè é, nítorí eré tí wọ́n ti gé nǹkan kúrò nínú rẹ̀ ni. Eré tó pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, odindi. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ méjì yìí bá ọ́pẹ́rà mu, wọ́n bá jáàsì mu, wọ́n sì bá òde ìsìnkú mu. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ ẹ̀yà orin kan ṣoṣo ló bá mu kò ní í pẹ́ tí yóò fi kú.

Ọ̀nà méjì ni ohùn ń gbà dé ọ̀dọ̀ agbohùnlágbo. Ó lè fi wáyà so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ míkísà, níbi tí gbogbo makirofóònù orí ìtàgé ti ń pàdé. Ó sì lè dúró sáàárín èrò, kó gbé makirofóònù tirẹ̀ sókè. Ti àkọ́kọ́ máa ń mọ́ tónítóní, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu olórin ló ń yọ, ṣùgbọ́n ó lè gbẹ bíi pé kò sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀. Èkejì ní gbọ̀ngàn nínú: ó ní àtẹ́wọ́, ó ní ẹni tó ń húkọ́, ó ní ẹni tó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó wá jókòó. Mo kọ́kọ́ pè wọ́n ní "ohùn inú ẹ̀rọ" àti "ohùn inú èrò". Wọ́n dùn létí. Mo wá kọ wọ́n sára kásẹ́ẹ̀tì bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ̀wé, láìfi àmì sí i: OHUN INU ERO, OHUN INU ERO. Nǹkan méjì tó takora di ẹyọ kan. Mo pa wọ́n rẹ́ lọ́jọ́ náà, mo mú "ohùn wáyà" àti "ohùn agbo". Lóòótọ́, ẹni tí kò rí àmì lè ka agbo sí àgbò tàbí àgbo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò rò pé igbe àgbò ni mo gbà sílẹ̀. Àṣìṣe tó léwu ni èyí tí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá jẹ́ ti iṣẹ́ kan náà.

Ó ṣòro láti rí ohùn wáyà tó lókìkí ju èyí tí Betty Cantor-Jackson gbà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead ní Barton Hall, Yunifásítì Cornell, ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1977. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni àwọn èèyàn ń gbà dà á kọ, ọdún 40 sì pé kí wọ́n tó gbé e jáde fún títà ní 2017. Kó tó dìgbà náà, Library of Congress ti fi í sínú àwọn ohùn tí Amẹ́ríkà yàn láti tọ́jú, nínú àkójọ ti 2011.

"Ọwọ́ dé ọwọ́" yìí ló bí ọ̀rọ̀ tó wù mí jù nínú gbogbo wọn. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìgbà tí a bá da ohùn kọ ni ariwo "ṣíì" ń pọ̀ sí i tí orin sì ń rẹ̀yìn. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí akórinjọ máa ń bi ẹnì kejì rẹ̀ ni pé, ìgbà mélòó ni wọ́n ti dà á kọ kó tó dé ọwọ́ ẹ? Mo fẹ́ sọ pé "ìran kìíní, ìran kejì". Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti ka eré onítàn Yorùbá nílé ìwé ló mọ "Ìran Kìíní" sí ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀, á sì rò pé apá àkọ́kọ́ òde náà ni mò ń wí. Àwọn onílù ló gbà mí sílẹ̀. Ìlù tó ń ṣáájú ni ìyáàlù. Gẹ̀ẹ́sì pe kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ní ọ̀gá, àwa ní ìyá. Èyí tí wọ́n dà kọ lára ìyá ni ọmọ. Èyí tí wọ́n dà kọ lára ọmọ ni ọmọ-ọmọ. Kò sí Yorùbá tí a ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún.

Kọ̀ǹpútà wá yí ọ̀rọ̀ padà díẹ̀, torí ọmọ lè bá ìyá dọ́gba pátápátá, kódà bí a bá dà á kọ nígbà ẹgbẹ̀rún. Àmọ́ ó ku ibì kan. FLAC, ọ̀nà ìkóhùnpamọ́ orí kọ̀ǹpútà tó jáde ní 2001, ń ṣe ohùn bí ẹni tó ká agbádá sínú báàgì: tó bá tú u, agbádá náà ló máa bá. MP3 ń ṣe bí télọ̀ tó gé aṣọ kúrò kó lè wọ báàgì. Ohun tó bá rò pé etí kò ní í fura sí ló ń yọ, kò sì ṣeé dá padà. Ọ̀rọ̀ "sẹ́" wá sí mi lọ́kàn nítorí ògì, torí èérí tí a ti sẹ́ kúrò kò ní í padà sínú ògì mọ́. Ṣùgbọ́n "ohùn sísẹ́" láìní àmì yóò di ohun tí a sè. Mo fi sílẹ̀, mo mú "àdínkù" àti "àìdínkù". Àwọn kan a máa mú àdínkù, wọ́n á sọ ọ́ di FLAC, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ bí ìyá. Irọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń kọ ìwé orírun tẹ̀lé gbogbo ohùn: irú makirofóònù, irú ẹ̀rọ, ọ̀nà tí wọ́n gbà dà á kọ.

Ọ̀rọ̀ pínpín ńkọ́? Lórí Facebook, "pín" ti gbilẹ̀. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Tí mo bá pín iṣu, tèmi dín kù. Tí mo bá fún ẹ ní ohùn, tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi lódindi. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, àwọn akórinjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní àṣà méjì, oko la ti ní orúkọ fún méjèèjì. Tí èmi àti ìwọ bá ní ohùn tí ẹnì kejì kò ní, tí a da tèmi kọ fún ẹ, tí o da tìẹ kọ fún mi, àáró la bá ara wa ṣe. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò ní nǹkan kan, òun á fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo àti owó sítáǹbù ránṣẹ́ sí àgbà kan, àgbà yẹn á sì bá a ṣe iṣẹ́ ìdàkọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn: olóko pèsè oúnjẹ, àwọn èèyàn fi apá wọn ṣe tiwọn. Owó kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà. Lórí ìlànà yìí ni Grateful Dead fi ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àwọn agbohùnlágbo ní Berkeley, California, ní oṣù Kẹwàá 1984, lẹ́yìn míkísà. Àwọn tó jogún àṣà náà ló sì bá Internet Archive dá àká orin ojú agbo sílẹ̀ ní 2002. Àká ni mo pè é, torí ibi tí a ń kó irè sí ni.

Ohùn tí wọ́n bá tà láìgbàṣẹ ni "àwo abẹ́lẹ̀". Mi ò pè é ní ayédèrú. Ayédèrú ni àdàkọ àwo tó ti wà lọ́jà, tí wọ́n lẹ àwòrán irọ́ mọ́, tí wọ́n fi jẹ olórin lówó. Ohùn inú àwo abẹ́lẹ̀ kì í ṣe irọ́, ohùn olórin gan-an ni. Ọ̀nà tó gbà dé ọjà ni kò tọ́. Ní 1969, wọ́n ta irú àwo bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ti Bob Dylan nínú páálí funfun tí wọn ò tẹ nǹkan kan sí lára. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ayédèrú àti àwo abẹ́lẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi fún àbúrò rẹ̀ obìnrin gbọ́ lọ́dún tó kọjá. Orúkọ mẹ́ta ló dá mọ̀ lára àwọn tí olórin ń kì, orúkọ wọ̀nyẹn ló sì fi rántí òkú tó jẹ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ṣe é. Ohùn agbo ni, àgékù, ọmọ-ọmọ. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sí i lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ mú báírò. Ẹ kọ orúkọ olórin, ìlú, ọdún, àti ẹni tó ṣòde. Ẹ kọ bóyá ohùn wáyà ni tàbí ohùn agbo, bóyá ìyá ni tàbí ọmọ. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ gbé e fún àgbà ilé yín gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí.