Nígbà tí Imam Ghazali Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi òru ṣe ìsinmi fún ẹ̀dá.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ọ̀lẹ ni ẹni tí agara iṣẹ́ bá dá, tàbí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò lágbára. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Imam Abu Hamid al-Ghazali.

Ìlú Tus ní ilẹ̀ Ìránì ni wọ́n ti bí i ní 1058. Ní 1091, Nizam al-Mulk, wàsírì àwọn ọba Seljuk, fi í ṣe olùkọ́ àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ Nizamiyya ní Bàgídádì. Imam fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé 300 akẹ́kọ̀ọ́ ni òun ń kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó tún ń kọ ìwé.

Ní oṣù Rajab 1095, ìdààmú dé bá a. Ó bi ara rẹ̀ bóyá nítorí Ọlọ́hun ni òun ṣe ń kọ́ni, tàbí nítorí òkìkí. Fún bí oṣù mẹ́fà ni ọkàn rẹ̀ fi ń ṣe iyèméjì. Nígbà tó yá, ahọ́n rẹ̀ kọ̀ láti sọ̀rọ̀ níwájú akẹ́kọ̀ọ́, oúnjẹ kò sì lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Àwọn oníṣègùn ní inú ọkàn ni àìsàn náà ti wá, pé àfi bí ọkàn bá balẹ̀ ni ara tó lè yá.

Imam fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ láìṣètò. Ó ya owó oúnjẹ ìdílé rẹ̀ sọ́tọ̀, ó fi ìyókù tọrẹ. Ahmad àbúrò rẹ̀ sì ń bá a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó dé Dàmásíkù, ó dé Jerúsálẹ́mù, ó sì ṣe Hajj. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni ó kọ Ihya Ulum al-Din, tí àwọn àáfà ṣì ń kà títí dòní. Lẹ́yìn ọdún 11, ní 1106, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Nishapur. Ó kú ní Tus ní 1111.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ara wa ní ẹ̀tọ́ lórí wa, gẹ́gẹ́ bí Ànábì (SAW) ti kọ́ Abdullahi ọmọ Amru. Kì í ṣe gbogbo wa ló lè sinmi fún ọdún 11. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè jẹun, tí kò rí oorun sùn mọ́ nítorí iṣẹ́, kó má fi pamọ́. Kó rí dókítà, kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, kó ṣètò ilé rẹ̀, kó sì gba ìsinmi. Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ bá ní ó ti rẹ òun, ẹ kọ́kọ́ bi í ohun tó ń ṣe é kí ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà ara àti ti ọkàn. Àmín.