Ṣọ́jà àbí Awọṣọ-Ṣọ́jà? Èsì lórí Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Ìlú London, 1796 sí 1815

Akẹgbẹ́ wa kan kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé ará ìlú London kórìíra ṣọ́jà nígbà ogun Napoleon, ó sì fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ ìgbà náà ṣe ẹ̀rí. Ohun tí àwòrán ẹ̀fẹ̀ jẹ́ kò ṣàjèèjì sí òǹkàwé wa, mi ò ní tún un sọ. Ẹjọ́ tí mo ní ni pé ẹlẹ́rìí tó pè kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà.

Orí Duke ti York ló ti bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, ní 1809, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ Rowlandson ya àwòrán rẹpẹtẹ nípa Mary Anne Clarke, obìnrin tó ti jẹ́ àlè ọmọ ọba yìí rí, tí wọ́n ní ó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ipò nínú iṣẹ́ ogun. Nínú oṣù kẹta ọdún náà ni ọmọ ọba fi ipò olórí ogun sílẹ̀. Ta wá ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín? Ọmọ ọba àti àlè rẹ̀. Ṣọ́jà kò sí nínú ẹjọ́ yẹn.

Ohun tí akẹgbẹ́ wa fò dá ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ṣọ́jà àti awọṣọ-ṣọ́jà. Ṣọ́jà ń jẹ owó ọba, ibi tí wọ́n bá rán an ló ń lọ. Awọṣọ-ṣọ́jà ní ìsọ̀, ó ní oníbàárà, ọjọ́ ìdánrawò ló ń gbé ẹ̀wù ogun wọ̀. Nígbà tí ogun tún bẹ́ ní 1803, tí ẹ̀rù Napoleon ba gbogbo etíkun, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn báyìí lé ní 300,000. Ẹ wo àwòrán tí Gillray, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ bíi Rowlandson, yà ní 1796 nípa mìlíṣíà àfikún: ṣọbàtàṣọbàtà, aránṣọ àti onígbàjámọ̀ ń yan lọ, ìbọn wà léjìká, irinṣẹ́ kò sì kúrò lára wọn. (Mo mọ̀ pé ìbò ni wọ́n fi mú àwọn mìlíṣíà, síbẹ̀, ará ọjà ni wọ́n.) Irinṣẹ́ yẹn ni ẹ̀fẹ̀ náà. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kò sẹ́ni tí yóò rẹ́rìn-ín. Ilé ṣọ́jà gidi ni Gillray sì ti jáde: ojú ogun Fontenoy ni bàbá rẹ̀ ti pàdánù apá kan ní 1745.

Ta ló ń ra àwòrán wọ̀nyí? Èyí tí wọn kò kùn lọ́dà sábà máa ń tó ṣílè kan, alárànbarà ń tó méjì. Láti 1797, ṣílè kan ni owó iṣẹ́ ṣọ́jà lásán fún òòjọ́. Ọlọ́jà tó rí jájẹ ló ń rà á, àwọn ọ̀gá ogun náà ń rà á. Rowlandson yìí kan náà ló ya àwòrán tó lé ní 80 fún atẹ̀wòrán Ackermann ní 1798 sí 1799, tó fi gbé àwọn ológun afínnúfíndọ̀ London ga. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni oníbàárà.

Mi ò ní kò sí ìkórìíra rárá. Kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bárékè káàkiri láti 1792, ilé ọtí ni wọ́n máa ń kó ṣọ́jà sí, àwọn onílé ọtí sì ń kùn. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ó yẹ kí akẹgbẹ́ wa lọ wá a.

Ohun mìíràn ló ti ń fà mí báyìí: onílù. Nínú àwòrán ìyíde ológun, ẹ óò rí aláwọ̀ dúdú tó wé láwàní, tó ń lu ìlù tàbí tó ń lu aro, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Rẹ́jímẹ́ǹtì 29 ní onílù aláwọ̀ dúdú láti 1759 títí di 1843.