Sapelo: Erékùṣù tí Bilali ti Kírun

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé àwa tí a wọ ọkọ̀ òfuurufú wá ni a gbé ìrun kíkí dé ìpínlẹ̀ Georgia yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá wa mọ́tò láti Atlanta sí ìhà etí òkun fún bí wákàtí márùn-ún, yóò dé Meridian. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò lọ sí Sapelo, erékùṣù tí kò ní afárá. Irà oníyọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní apá kejì. Abúlé kan ṣoṣo tí ó kù níbẹ̀ ni Hog Hammock, tí ilẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní éékà 400. Àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú, tí à ń pè ní Gullah Geechee, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó.

Ní ọdún 1802, Thomas Spalding ra ìhà gúúsù Sapelo, ó sì fi ẹrú dá oko òwú àti ìrèké síbẹ̀. Ẹni tí ó fi ṣe olórí àwọn ẹrú náà ni Bilali Muhammad, ọmọ Timbo ní Futa Jallon, ní orílẹ̀-èdè Guinea òde òní. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun láti 1812 sí 1815, Bilali ni Spalding kó ìbọn fún kí òun àti àwọn ẹrú lè ṣọ́ erékùṣù náà.

Bilali fi ìwé ojú ewé 13 sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òyìnbó rò pé àkọsílẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀ ni. Ìgbà tí onímọ̀ èdè kan, Joseph Greenberg, gbé ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn àlùfáà Hausa ni òtítọ́ hàn, ó sì kéde rẹ̀ ní 1940: ìmọ̀ ẹ̀sìn ni. Ọ̀rọ̀ àlùwàlá àti ìrun wà nínú rẹ̀, púpọ̀ rẹ̀ sì wá láti inú Risala, ìwé Màlíkì kan náà tí à ń kà ní ilé-kéwú Ìlọrin àti Ìbàdàn. Yunifásítì Georgia ní Athens, nítòsí wa níbí, ni ìwé náà wà.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ní 1940 bákan náà ni wọ́n tẹ ìwé Drums and Shadows jáde, níbi tí àwọn àgbà etí òkun Georgia ti sọ ohun tí wọ́n rántí. Katie Brown ti Sapelo rántí pé Bilali àti Phoebe, aya rẹ̀, máa ń fi tẹ̀sùbáà gbàdúrà lórí ẹní. Ó ní ìyá òun àgbà, Margaret, ọmọ Bilali, a máa rẹ ìrẹsì mọ́jú, a gún un lódó, a pò ó mọ́ oyin, a sì pín in fún àwọn ọmọdé. Orúkọ rẹ̀ ni saraka. Ta ni nínú wa tí kò mọ sàráà? Shad Hall ka orúkọ àwọn ọmọbìnrin Bilali: Fatima wà níbẹ̀, Medina wà níbẹ̀, ọ̀kan sì ń jẹ́ Yaruba, orúkọ tí àwọn Mùsùlùmí òkè Ọya fi ń pe ìran wa.

Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni àwọn ará Sapelo dá sílẹ̀ ní 1866. Sàráà kù, ìrun kò kù. Ẹ má ṣe dá wọn lẹ́bi: òfin Georgia ti 1829 ka kíkọ́ ẹrú ní ìwé léèwọ̀. Ohun tí ọmọdé fi ojú rí, tí ó sì fi ẹnu tọ́ wò, ni ó rántí. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ kà di àdììtú nínú àpótí.

Àwa kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin tí ó dí ilé-kéwú wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan bi mí pé, "Àlùfáà, kí ni sàráà?" Ọ̀rọ̀ tí oko ẹrú kò lè pa ti fẹ́ sọnù nínú yàrá ìgbàlejò wa.

Ilẹ̀ Sapelo pàápàá wà nínú ewu. Ní 1969 àti 1976, ìjọba ìpínlẹ̀ ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú erékùṣù náà. Ní 2023, ìjọba ìbílẹ̀ McIntosh yí òfin padà kí ilé ńláńlá lè wọ Hog Hammock. Àwọn ará abúlé kọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀rù owó orí tí apá wọn kò ní ká ń bà wọ́n.

Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀. Ẹ fi etí òkun hàn wọ́n, kí ẹ sì kírun níbẹ̀. Kí Ọlọ́hun kẹ́ Bilali, kí Ó má sì jẹ́ kí ẹ̀sìn ti ọwọ́ wa bọ́. Àmín.