Ẹsẹ̀

Àwọn kan tó ń tún rédíò ṣe máa ń pe irin tín-ín-rín tó yọ lára ẹ̀rọ ní ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára, mo sì fẹ́ kó dúró. Àmọ́ ìtumọ̀ méjì ló ní: irin tí a lè fojú kà, àti ẹsẹ̀ tó ṣófo, tí a lè fún níṣẹ́. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ yóò ra ohun tí kò ní wúlò fún un.

Ẹ wo ATtiny85, ẹ̀rọ kékeré kan tí a lè kọ ètò sí. Ẹsẹ̀ 8 ló ní. Iná gba 2, ẹyọ 1 wà fún àtibẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun, ó ku 5. Síkírínì LCD onílà 2, bí a bá so ó tààrà, kò lè gba ohun tó kéré sí ẹsẹ̀ 6. Kò wọlé nìyẹn. Èyí tí wọ́n ti jó pátákó I2C mọ́ lẹ́yìn ni kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè fún, tàbí síkírínì OLED oní-I2C (I2C ni ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀ méjì).

Wáyà ni wọ́n sábà máa ń pè ní ẹsẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Nípa síkírínì oní-I2C, a lè sọ pé: “Wáyà mẹ́rin ni síkírínì yìí ní, ẹsẹ̀ méjì péré ló ń gbà,” torí iná ló ni méjì yòókù. Ẹ̀rọ oní-I2C tó ń wọn ooru pàápàá lè bá síkírínì lo ẹsẹ̀ méjì yẹn, bí àdírẹ́sì wọn bá ti yàtọ̀.