Ohun Ọ̀fẹ́ Tí Ó Ní Gbèdéke

Ní Ọ̀yọ́, níbi tí iṣẹ́ igbá fífín ti gbajúmọ̀ láti ayébáyé, igbá tí ó bá sán kì í di ohun àkìtàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọn a gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rán. Ẹni tí ó fi igbá tọrẹ lè máà mọ ẹni tí yóò rán an: ọ̀tọ̀ ni ọrẹ, ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi wo ìtàn Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ń darí kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò adarí dà bí agbo ilé tí kò ní baálé. Ẹ̀yà ara rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rán wọn níṣẹ́. Ní 1991, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá yunifásítì tí a mọ̀ sí LAUTECH sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, gbé Linux jáde. Ian Murdock bẹ̀rẹ̀ Debian ní 1993. Orí Debian ni Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, kọ́ Ubuntu lé. Inú èdè Súlú àti Xhosa ni orúkọ náà ti wá. Ìwà ọmọlúàbí ni ó sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ tiwa.

Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá 2004 ni ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ jáde. 4.10 ni nọ́ńbà rẹ̀: 4 dúró fún ọdún, 10 fún oṣù. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni òmíràn ń jáde, orúkọ ẹranko sì ni wọ́n ń sọ wọ́n. Ìmàdò ni àkọ́kọ́; akika ni 12.04. Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó, kò ní béèrè ohun tí àwọn wọ̀nyí jẹ́.

Oṣù 18 péré ni wọ́n ṣèlérí láti fi tọ́jú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa pààrọ̀ baálé ní ọdún kan ààbọ̀? Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún 6.06, tí ó pẹ́ kí ó tó jáde ní oṣù kẹfà 2006, ní ọjọ́ orí gígùn: ọdún 3 lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ọdún 5 lórí àwọn tí ń sin kọ̀ǹpútà mìíràn. Láti orí 12.04, ọdún 5 ni fún méjèèjì. Àwọn ìtẹ̀jáde kéékèèké kò rí irú ojúrere bẹ́ẹ̀. Láti 2013, oṣù 9 ni tiwọn.

Nígbà tí gbèdéke bá pé, kọ̀ǹpútà kì í kú. Àtúnṣe ni kì í wá mọ́, ihò tí olè bá sì rí lára ètò náà, kò sí ẹni tí yóò dí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan wa nìyí. Títí di 2011, wọ́n ń fi àwo Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè. Ọrẹ gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá. Íntánẹ́ẹ̀tì ni àtúnṣe ń gbà, owó sì ni íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní 2012, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan nítòsí Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. 8.04 ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà ibẹ̀; ó ti lé ní ọdún kan tí ìtọ́jú rẹ̀ ti dópin. Fáírọ́ọ̀sì inú fláàṣì àwọn oníbàárà ni ó lé baba náà kúrò lórí Windows. Mo sọ fún un pé gbèdéke ti kọjá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Alàgbà, ṣebí ó ṣì ń tẹ̀wé?” N kò rí èsì fún un. Ó ń tẹ̀wé lóòótọ́, kò sì fi í lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì rí.

Nígbà tí mo padà débẹ̀ ní 2014, 12.04 ni mo bá. Ọmọ rẹ̀ tí ń kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó fi fláàṣì gbé e wọkọ̀ wá sílé. Baba náà ti fi bírò kọ “2017” sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà.