ORÍKÌ ỌMỌBÌNRIN: ORÚKỌ ÌKẸ́ LÁYÉ ÀTIJỌ́ ÀTI LÓNÌÍ

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ orúkọ ìkẹ́ wá síwájú yín lọ́dún yìí.

Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà kò jáde títí di 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín orúkọ sí: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Ó ní ọjọ́ keje ni a ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin. Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò fún àwọn méjèèjì.

Oríkì ọkùnrin ń sọ ti akin: Àjàní ni ẹni tí a jà kí a tó ní. Ti obìnrin ń sọ ti ìfẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ni ẹni tí a bẹ̀bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Àjọkẹ́ ni ẹni tí gbogbo ilé jọ ń kẹ́. Àdùkẹ́ ni ẹni tí a ń du láti kẹ́. Àgbà ni í fi oríkì pe ọmọdé. Ọmọdé kì í fi pe àgbà.

Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ orúkọ tí ìyàwó ilé ń fún àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀, bí Adúmáadán, Ìbàdíàrán tàbí Eyínfúnjowó. Ohun tí ojú rí lára ọmọ ni ìwọ̀nyí ń sọ. Oríkì ń sọ ohun tí ilé rò sí ọmọ kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Oríkì kì í ṣe orúkọ yẹpẹrẹ. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, ni àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní títí ó fi kú síbẹ̀ ní 2009.

Lónìí, àwọn òbí mìíràn ń kọ orúkọ ìgékúrú nìkan sínú ìwé-ẹ̀rí ìbí, nítorí pé ó rọrùn lẹ́nu àwọn àjèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ Títí nìkan, ta ni yóò mọ̀ bóyá Títílayọ̀ ni tàbí Títílọpẹ́? Ìwé-ẹ̀rí náà kò sì béèrè oríkì, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Bí ìyá àgbà tí ń fi í pe ọmọ bá kú, ó parí nìyẹn.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Ẹ kọ orúkọ àbísọ ní pípé, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ fi oríkì tẹ̀ lé e. Kí ìgékúrú jẹ́ ti ẹnu nínú ilé. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òbí ní ọjọ́ 42 láti forúkọ ọmọ sílẹ̀: àyè wà láti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nílé. Bí ọmọbìnrin wa bá dàgbà lókèèrè tí ó sì bọ̀ wá sílé, kí ẹnì kan lè pè é ní Àjọkẹ́, kí ó sì dáhùn.